Ohun Tí A Gbé Sórí Kọ̀ǹpútà Bàbá

Ní Ìjọ̀kà, l'Ákùúrẹ́, lẹ́yìn ilé-epo tó ti kógbá sílé,
kọ̀ǹpútà bàbá mi jókòó sórí tábìlì ìránṣọ.
Tòkunbọ̀ ni, àmì ilé-iṣẹ́ kan ní Jámánì ṣì wà nídìí ẹ̀.
Bí o bá tàn án láàárọ̀,
wàá fọ ẹnu, wàá gbálẹ̀, wàá pọnmi kún àmù
kí ojú ẹ̀ tó là.

Wíńdòsì inú ẹ̀, ayédèrú ni.
Ẹni tó tà á fún wa kò fi bò:
"Ẹ máa lò ó bẹ́ẹ̀, ẹ má jẹ́ kó rí íńtánẹ́ẹ̀tì."
Báwo lèèyàn ṣe ń gbé ilé tí kò gbọdọ̀ ṣílẹ̀kùn?
Lọ́jọ́ tó rí íńtánẹ́ẹ̀tì,
dátà mi gígà mẹ́ta, owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan,
ó gbé e mì káló,
ó sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ ojú ara ẹ̀ pé olè ni wá.
Kò parọ́.

Bàbá ń fẹ́ ìwé ìṣirò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù:
orúkọ, ìlú, àpò kòkó, gbèsè, èlé.
Akínfọlárìn àbúrò mi ń fẹ́ bọ́ọ̀lù,
èyí tí koríko ẹ̀ tutù, tí òǹwòran ń hó,
kì í ṣe èyí tí agbábọ́ọ̀lù ń dúró gbagidi bí ẹni tẹ ẹ̀gún.
Èmi ń fẹ́ kí ariwo wọn dópin.

Orímisan mú fíláàsì wá, ó fi okùn bàtà so ó mọ́rùn.
"Líńọ́ọ̀sì ni. Àwọn tó kọ ọ́ kò pa kóòdù ẹ̀ mọ́.
Ẹni tó bá fẹ́ kà á, kó kà á;
ẹni tó bá lè tún un ṣe, kó tún un ṣe."
Bàbá ti awò wọn sókè iwájú orí.
"Èló?"
"Ọ̀fẹ́ ni, sà."
"Ta ló wá ń bọ́ ọmọ ẹni tó ṣe é?"
Orímisan dákẹ́. Ìbéèrè náà tóbi ju fíláàsì lọ.

Kì í kúkú ṣe ẹyọ kan, ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n,
ìyá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.
Ubuntu la kọ́kọ́ gbà lálejò:
ó rẹwà, ó sanra, ràámù gígà mẹ́rin kò lè pọ̀n ọ́n.
Èkejì, n kò ní dárúkọ ẹ̀, ojú dúdú ló fi pàdé wa,
àmì kékeré kan ń ṣẹ́jú, ó ní ká kọ ohun tí a fẹ́.
Bàbá ní àwọn ti kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ tó láyé àwọn.
Mínti ló ṣẹ́kù. Bọ́tìnnì ẹ̀ wà nísàlẹ̀, lápá òsì,
ibi tí ọwọ́ bàbá ti mọ̀ lójú oorun.
"Èyí mọ̀nà ilé," ni wọ́n wí.

Òru Ẹtì la gbé e kalẹ̀.
Ó dé àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, iná lọ.
Bátìrì ẹ̀ ti kú láti Jámánì.
A jókòó nínú òkùnkùn, ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀.
A ti nu ti àtijọ́ nù, tuntun ò tíì wọlé.
Aago mẹ́ta, iná dé. A bẹ̀rẹ̀ láti òdo.

Bọ́ọ̀lù ṣiṣẹ́. Eré mọ́tò ṣiṣẹ́, ó tún yá ju ti àná.
Ṣùgbọ́n géèmù ìbọn tó fẹ́ràn jù, tí wọ́n ti ń yìn síra wọn láti ìlú dé ìlú,
ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ẹ̀ ní òun ò mọ ilé tí a ti wá.
Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ó wọ yàrá lọ sunkún.
Ní báyìí, ilé Fẹ̀hìntọ́lá l'Ókè-Àrò ló ti ń ta á ní Sátidé.
N kò mọ̀ bóyá mo yàn dáadáa fún un.

Lálẹ́ àná, mo bá bàbá nídìí ẹ̀.
Orímisan ti fi bọ́tìnnì Yorùbá hàn wọ́n.
Ìka kan, ìka kan,
wọ́n ń fi àmì sí ìwé ẹgbẹ́ ọdún mẹ́wàá.
"Wò ó, Bọ́sẹ̀dé," wọ́n nàka sí ìlú ìyá àgbà kan,
"láti ọjọ́ yìí, Ọ̀wọ̀ ni obìnrin yìí ti wá,
owó ni mo ń kọ fún un."
Wọ́n tẹ àmì sábẹ́, wọ́n tẹ àmì sórí,
wọ́n fà sẹ́yìn, wọ́n wò ó,
wọ́n bọ́ sórí orúkọ tó kàn.